Kì Í Ṣe Pé Mo Ń Bínú

Ẹ má kí mi kú iṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá pàdé mi lójú pópó, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Iṣẹ́ tí ẹ ń kí mi sí ni mo fẹ́ tú síta lónìí, mi ò sì ní í fi ìkankan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, torí ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti ń rà. Ẹ má rò pé àìsàn ló dé, tàbí pé ikú ń kan ilẹ̀kùn ni mo fi ń wá bí n ó ṣe wẹ ara mi mọ́. Ara mi le. Mo jẹun láàárọ̀ yìí, mo sì jẹ ẹ́ tán. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù, pé oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu mi.

Àǹtí Òfin ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ kíríptò sílẹ̀, ìyẹn owó orí ẹ̀rọ tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn, kò kàn lè ṣílẹ̀kùn kó máa gba tọwọ́ aráàlú. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alábòójútó, kó sì máa fi hàn wọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta pé òun ń pa òfin mọ́. Ìwé yẹn ni iṣẹ́ mi. Kí n tó máa bá àwọn èèyàn gbà á, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí òdìkejì tábìlì, nílé-iṣẹ́ alábòójútó fúnra rẹ̀. Mo mọ ojú ewé tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé láti fọwọ́ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, ilẹ̀ ò ní í gbà mí àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ẹ̀dà ìwé ikú mi mẹ́ta ránṣẹ́.

Ẹ fi gbólóhùn kan sọ́kàn, òun ni gbogbo ọ̀ràn yìí dá lé. Lọ́dún tí a ń kọ òfin àwọn oníkíríptò, ìgbìmọ̀ jókòó láti sọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀sùn. Ọ̀sán ni, ooru mú, ebi ń pa gbogbo wa, bíró sì wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi sọ pé inú òun kò dùn sí ilé-iṣẹ́. Èyí tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni." Alága ní, "Ó yé wa, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wọ ìwé ẹ̀sùn, kí wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹ̀sùn bá pé mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́ta, ìwé àṣẹ dúró, alábòójútó yóò wọlé wá tú gbogbo nǹkan wò. Ní ti ìbéèrè, kò sí ohun tó ń lé e. Wọ́n á fèsì, ó parí.

Kò tíì pé ọdún kan tí mo fẹ̀yìn tì nígbà tí ọkùnrin kan wá sílé mi, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé kò ga, kò dàgbà, ó sì jẹ́ ọ̀gá. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ìwé mi ò pé. Ẹ gbà mí." Mo gbà á. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ṣe é, mi ò sì parọ́ ẹyọ kan nínú oṣù mẹ́wàá yẹn. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi, òun nìkan ni mo ní. Mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín níbẹ̀. Mo kọ bí a ó ṣe máa mọ oníbàárà dájú, pé a ó rí ojú rẹ̀, a ó rí káàdì rẹ̀, a ó sì béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Mo kọ ọ́ pé nǹkan oníbàárà gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, ti ilé-iṣẹ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí èyí ò tètè yé Ọ̀gá Kékeré, mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún un: aránṣọ kì í wọ aṣọ oníbàárà lọ òde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti yé òun.

Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ ni. Ìyá kan náà ló bí wa. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa, kò sì dìde níbẹ̀ títí mo fi kàwé jáde. Ẹni tí ìyá wa tọ́ dáadáa ni. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, yóò kọ́kọ́ kí ẹ, yóò béèrè àwọn ará ilé rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá ní, "Kì í ṣe pé mo ń bínú o, mo kàn ní kí n béèrè ni. Ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi lo dúró lé yẹn?" A máa ń fi rẹ́rìn-ín nínú ẹbí. Ẹ̀rín yẹn ti wá di ẹkún sí mi lára báyìí.

Nígbà tí ìwé àṣẹ jáde, a fi dígí bò ó, a gbé e kọ́ sára ògiri níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó súnmọ́ ọn gan-an, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí, torí ojú ti ń dùn ún. Dókítà ojú ti sọ fún un pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ń ti iṣan tó fi ń ríran. Èyí tó bá ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ nìyẹn, àmọ́ bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, èyí tó kù á dúró. Ó ń tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ yẹn díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka wọ́ ara dígí, ó ní, "Àbúrò mi ló gba èyí?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ìyá wa ìbá wà láyé." Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó owó ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ wa kó lè pọ̀ sí i. Èmi ni mo bá a fi áàpù sórí fóònù. Mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá kó lè rí i kà.

Ọdún kan kọjá. Lẹ́yìn náà, àwọn tó fẹ́ gba owó wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ kan lójú fóònù: "Ẹ ní sùúrù, à ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ yàrá Ọ̀gá Kékeré lọ, mo ti ilẹ̀kùn.

"Níbo ni nǹkan àwọn oníbàárà wà?"

"Àǹtí, ó wà."

"Wà níbo?"

"Ó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi kan. Mo yá wọn ni. Tó bá fi máa di ìparí ọdún, wọ́n á ti dá a padà."

Ó ti wọ aṣọ oníbàárà lọ òde. Òfin sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, èmi ni mo sì kọ òfin náà: kí n kọ̀wé sí alábòójútó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwé ojú ewé kan péré ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fa àga, mo jókòó, mo ní, "Ẹ̀sùn mélòó la ti gbà?" Láti inú ìbéèrè yẹn ni mo ti di olè. Ọ̀gá Kékeré jalè torí pé ojú rẹ̀ ò kúrò lára nǹkan olówó ńlá. Kí ni tèmi? Mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé àṣẹ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tí mo fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ àtijọ́ máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé Àǹtí Òfin ti já sí irọ́. Ìgbéraga lásán-làsàn.

Mo gbé gbogbo lẹ́tà àti ímeèlì tó wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó lé lọ́gọ́rin. Mọ́kànlá péré sì ti tó láti dá ìwé àṣẹ wa dúró. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn wa ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sùn kan ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu." "Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí." "Kì í ṣe pé mo ń bínú, mo kàn ní kí n béèrè ni, ṣé kò sí nǹkan?" Ọkùnrin kan tiẹ̀ gbàdúrà fún wa ní ìlà mẹ́fà kó tó béèrè owó ilé rẹ̀. Mo rántí gbólóhùn mi, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Ọ̀gá Kékeré wá.

"Àwọn èèyàn yìí ò bínú."

"Àǹtí, wọ́n ń bínú o. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ ni?"

"Mo rí i. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ò bínú. Ẹni tó bá ní òun ò bínú, àwa ta ni ká sọ pé ó ń purọ́?"

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àǹtí, orí yín pé!"

Mo pe àwọn akọ̀wé wa méjèèjì, mo kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣà á. Èyí tó bá ní "mo kàn ní kí n béèrè", ìbéèrè ni. Èyí tó bá ní "ẹ má bínú", ìbéèrè ni. Èyí tó bá ní "kì í ṣe pé mo ń bínú", ẹ má tiẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, na lẹ́tà kan sí mi, ó ní, "Mà, èyí ní òun ò bínú, àmọ́ ẹ wo ibí yìí, omi ojú ti kán sí i." Mo ní, "Ṣé omi ojú wà nínú òfin?" Ó lọ fi í sínú fáìlì ìbéèrè. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́, ẹnu tí mo fi ń jẹun.

Awakọ̀ akẹ́rù kan wọlé lọ́jọ́ kan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ gbá tábìlì iwájú tó bẹ́ẹ̀ tí bíró fò, ó bú ìyá Ọ̀gá Kékeré, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ àgbàyà yìí, dúró síbẹ̀, wàá rí i!" Kò sí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ìbéèrè. A kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn, ẹ̀sùn kẹrin, torí náà kó tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ti san tirẹ̀ fún un pátápátá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bú wa gba owó. Ẹni tó gbàdúrà fún wa gba "a dúpẹ́". Abéèrè kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo ilé-iṣẹ́ wa.

Àyẹ̀wò máa wáyé lọ́jọ́bọ̀ kan. Bíró Pupa ló ń bọ̀, ayẹ̀wéwò tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ alábòójútó. Bí kọ́mà bá jókòó síbi tí kò yẹ, bíró pupa rẹ̀ á rí i. Ẹ̀sùn mẹ́wàá géérégé ló wà nínú ìwé wa, gbogbo wọn la ti yanjú, kò sì sí àyè fún ọ̀kan sí i. Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, akọ̀wé jẹ́jẹ́ yẹn gbé lẹ́tà kan wá. Ó ní òun ò mọ ibi tí òun máa fi sí.

Mi ò tíì ṣí i tí mo ti mọ̀. Bébà líle aláwọ̀ ilẹ̀ ni, irú èyí tí aránṣọ fi ń gé àwòrán aṣọ, eruku ṣọ́ọ̀kì wà létí rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, ìlà rẹ̀ sì ń gun òkè lọ torí ẹni tó kọ ọ́ ò rí ibi tí ìlà wà mọ́.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo lérò pé ara gbogbo yín le. Kì í ṣe pé mo ń bínú o. Mo kàn ní kí n béèrè ni, ṣé kò sí ohun tó ṣe áàpù yín? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, sùúrù ló ní kí n ní. Dókítà ojú ló dá ọjọ́ fún mi. Bí kò bá ni yín lára, ṣé ẹ lè bá mi wò ó? Mi ò fẹ́ da iṣẹ́ yín rú. Olúwa á máa tì yín lẹ́yìn. Èmi oníbàárà yín, aránṣọ."

Kò sọ pé àbúrò òun wà níbẹ̀. Kò dárúkọ mi. Nígbà tó yá ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi: kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹbí Àǹtí Òfin ló ń yọ àwọn lẹ́nu.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Ọ̀gá Kékeré. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ san tirẹ̀ lónìí." Ó kà á, ó mi orí. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ẹni tí kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn, tí a wá sáré san tirẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ méjì, tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín? Bíró Pupa á rí i. Tí a bá sì kọ ọ́ sí ẹ̀sùn, ó di mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò kọjá." Mo bú u. Mo pè é ní ọmọ àlè. Lẹ́yìn tí mo bú u tán, mo padà sí yàrá mi, mo mú bíró, mo kọ ọ́ sí igun bébà ẹ̀gbọ́n mi: ìbéèrè.

Ẹ dúró, ẹ má tíì káàánú mi. Mo ní owó. Owó tó tó iṣẹ́ abẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì wà ní báńkì lórúkọ mi. Kí ló dé tí mi ò gbé e lọ fún un? Torí pé bí mo bá gbé e lọ, á mọ̀ pé mo ti rí lẹ́tà òun. Á béèrè ohun tó ṣe owó tirẹ̀ gan-an. Mo fi ojú ẹ̀gbọ́n mi ra ìdákẹ́jẹ́. Ẹ tún un kà bí kò bá yé yín.

Bíró Pupa dé lọ́jọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi níṣẹ́, kí ni mo fẹ́ wá yẹ̀ wò lọ́wọ́ yín?" Síbẹ̀ ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ka ìwé ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti yanjú, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí fáìlì ìbéèrè, ó fa ìwé kan yọ láàárín. Bébà aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Ó kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn àgbà ṣì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ká ní gbogbo oníbàárà rí báyìí, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn. Ẹ bá mi kí aránṣọ yìí, mà." Mo ní, "Wọ́n á gbọ́." Ó fi bíró pupa sàmì sí i pé ó dára. A gba ọdún méjì sí i lórí ìwé àṣẹ. Ọ̀gá Kékeré ra kéèkì.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, bóyá mo ṣì lè máa pe ara mi léèyàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ níbi fèrèsé, téèpù lọ́rùn, ó ń fi ẹnu lá etí òwú, kò sì rí ihò abẹ́rẹ́. Mo gbà á, mo bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Jókòó, àbúrò mi. Mo ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹ. Mo kọ̀wé sí wọn níbi iṣẹ́ rẹ. Má bínú o, kì í ṣe pé mo fi ọ́ sùn. Wọ́n ti fèsì, lẹ́tà rẹ̀ kéré, mi ò rí i. Bá mi kà á." Ó wá sọ ìyókù. Aránṣọ kan ládùúgbò fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀, yóò mú owó wá lọ́jọ́ kejì, owó náà á tó iṣẹ́ abẹ. "Ẹ̀rọ ìyá wa ni, àbúrò mi, kò wù mí kí n tà á. Tí wọ́n bá ní àwọn á sanwó, mi ò ní í tà á. Tí wọn ò bá ní í san án, mo máa tà á lọ́la."

Mo ṣí àpòòwé. Ọ̀rọ̀ tèmi ni, èyí tí mo kọ fún gbogbo èèyàn. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ fún ìbéèrè yín. Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì sí wa. Iṣẹ́ ti parí lórí ìbéèrè yín." Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kà á bó ṣe wà, á ta ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á là. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi tó ń wo ẹ̀gbẹ́ orí mi, tó rò pé ojú mi ló ń wò. Mo ní, "Wọ́n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ má dààmú, owó yín wà, àtúnṣe díẹ̀ ló kù. Wọ́n ní kí ẹ sọ fún dókítà kó sún ọjọ́ síwájú díẹ̀." Ó ṣọpẹ́. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára. Ó pe aránṣọ kejì lórí fóònù níṣojú mi, ó kí i, ó kí ọkọ rẹ̀, ó ní kó má bínú, òun ò tà á mọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó jí láàárọ̀, kò sì mọ ibi tí fèrèsé wà. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Ọ̀gá Kékeré ṣì ń sọ pé ìparí ọdún.

Ohun tó wá já mi sílẹ̀ kì í ṣe èyí náà, ìyẹn ni kó jẹ́ kí ẹ mọ irú òkúta tí mo jẹ́. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un, mo ń pe ìfọ́jú rẹ̀ ní àdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Àbúrò mi, mú bébà. Bá mi kọ̀wé sí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ. Èsì tí wọ́n fún mi nígbà yẹn, wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Ojú tó fọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Mo fẹ́ dúpẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ náà fún mi, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́..." Bíró bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo fa èsì àtijọ́ yẹn yọ lábẹ́ páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, mo kà á bó ṣe wà, ìlà mẹ́ta. Mo sọ ohun tí mo kọ sígun bébà rẹ̀. Mo sọ ti owó tí mo ní ní báńkì.

Kò ké. Ó ń fi àtàńpàkò ka téèpù ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìdí, bí ẹni tó ń wọn nǹkan. Nígbà tó yá ó ní, "Gbé bíró." Mo gbé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ lórí bébà.

"Kí lò ń kọ? Mi ò tíì sọ̀rọ̀."

"Mo ń kí wọn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Pa á rẹ́. Má kí wọn."

Ohun tó ní kí n kọ nìyí, mi ò fi kún un: "Sí ilé-iṣẹ́ alábòójútó. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ilé-iṣẹ́ tó gba owó ojú mi. Inú ń bí mi sí àbúrò mi, ó mọ̀, ó sì ka irọ́ sí mi létí. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi aránṣọ."

Láàárọ̀ àná, mo gbé e lọ bá Bíró Pupa, pẹ̀lú fáìlì ìbéèrè odindi, ọgọ́rin ó lé. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kà á, ó ní mọ́ mẹ́wàá ti àyẹ̀wò yẹn ni òun máa kà á, ó kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀ pẹ̀lú bíró pupa: mọ́kànlá. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn wa kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ irú iṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ ń kọ́ fọ́ọ̀mù àti ìlànà, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ tó dáa ni, bí kò bá sí i, olè á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ mọ òfin débi tí ẹ fi lè yọ omi ojú èèyàn kúrò nínú rẹ̀, ẹ sá. Ẹ̀yin oníbàárà náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yéé kí wa. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ gbá tábìlì bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó yẹ. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú lẹ́tà náà, mo dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyá wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ lè dárí jì mí?"

Ó ń fọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lórí tábìlì. Ó rí i. Ó ní, "Ìbéèrè nìyẹn. A dúpẹ́ fún ìbéèrè yín."